Gíríìn tíì tí wọ́n ní ó ń lé álájì (allergy): mo rà á, mo mu ún, ẹ wá gbọ́

Ẹ̀ẹ̀meje ni mo sín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí páálí ẹ̀. Mi ò parọ́. Mo ya ọ̀rá inú ẹ̀, mo ki imú bọ̀ ọ́ kí n gbọ́ bó ṣe ń rùn, lẹ́búlẹ́bú ewé kan bá fẹ́ sókè, ló bá di pé mò ń sín, omi ń dà lójú mi, imú ń ṣàn, oníbàárà tó wà níwájú mi sún sẹ́yìn. Ọmọ tó ń bá mi tajà bú sẹ́rìn-ín, ó ní "Mummy, ṣé oògùn tó ń lé sísín náà rèé?" Mi ò ráyè dá a lóhùn. Ẹ ṣáà fi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ lórí ẹ̀.

Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági tuntun n'Íbàdàn níbí, ó ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá. Ẹni tó bá ti tú béèlì aṣọ rí á mọ nǹkan tí mò ń sọ, eruku tó ń tinú ẹ̀ jáde kì í ṣe ti eré rárá, ká má tíì wá sọ ìgbà ọyẹ́ tí eruku títì náà á tún wá bá a. Láti bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ara mi ò ti gbà á mọ́. Láàárọ̀ mo á sín títí àyà á fi máa dùn mí, ojú á máa yún mi bíi pé wọ́n fi ata sí i, tó bá dalẹ́ imú á dí pa, ẹnu ni mo fi ń mí sùn. Àbíkẹ́yìn mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, tiẹ̀ ò dúró nímú, àyà ló ń bá lọ, ásímà ni wọ́n pè é lọ́sibítù. Inhaler méjì ni wọ́n fún un, aláwọ̀ búlúù tó máa ń fà nígbà tí èémí bá há, àti ìkejì tó gbọ́dọ̀ máa fà láàárọ̀ àti lálẹ́, ara ì báà yá a, kó má yá a.

Ibi tá a wà nìyẹn tí mo fi rí i lórí status ẹnì kan ní WhatsApp, obìnrin kan tá a jọ gba nọ́ńbà ara wa níbi ìnáwó, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Ó gbé e síbẹ̀ pé gíríìn tíì òun ń wo álájì, ásímà, kàtá, ẹ̀jẹ̀ ríru, ikùn ńlá àti jẹ̀díjẹ̀dí. Jẹ̀díjẹ̀dí yẹn ló yẹ kó là mí lójú, torí kò sí oògùn inú mọ́lúè tí kì í wo jẹ̀díjẹ̀dí. Ṣùgbọ́n ẹni tí imú ẹ̀ bá ti dí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ni ò ní rà? Páálí tíì jẹ́ 6,500 náírà, báàgì 25 ló wà nínú ẹ̀. Ó tún ní kápúsù inú ike kan, 18,000, ó ní ewé kan náà ni, pé wọ́n kàn fún agbára ẹ̀ sójú kan ni, pé tí mo bá pa méjèèjì pọ̀ àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo á gbàgbé inhaler ọmọ. Mo ná an títí, kò gbà. Èmi tí mò ń ná èèyàn ní Gbági! Mo san án.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ tíì yẹn bíi tíì ná, ká gbé ti oògùn tì. Bí mo ṣe ń ṣe Lipton ni mo ṣe é, kẹ́tù hó, mo dà á lé e gbígbóná, mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ torí oníbàárà dé. Ó korò bí ewúro tí wọn ò fọ̀. Mo rọ mílíìkì àti ṣúgà sí i, ó wá dà bí àgbo tí wọ́n bu mílíìkì lé, mo dà á nù. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé gíríìn tíì kì í fẹ́ omi tó ń hó wàìwàì, ìgbóná 70 sí 80 (Celsius) ni wọ́n ní kó wà. Mi ò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn omi, nítorí náà tí kẹ́tù bá ti hó, mo á ṣí i sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí n tó dà á, mo á ki báàgì bọ inú ẹ̀ bí ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta, mo á yọ ọ́ jù nù. Ó dáa díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn títí mo fi mu ún tán, gíríìn tíì gidi omi ẹ̀ máa ń mọ́, yẹ́lò tó fẹ́ẹ́ ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú, tèmi yìí pọ́n bí omi tí wọ́n fi ṣan kóòpù Lipton, ewé tó ti pẹ́ lórí àtẹ nìyẹn. Nínú 25, mẹ́ta ti ya kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìdí páálí kún fún lẹ́búlẹ́bú. Òun ló kọ lù mí nímú lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Nǹkan tó yà mí lẹ́nu jù ni pé igi kan náà ni Lipton àti gíríìn tíì. Mo ti rò pé ewé ọ̀tọ̀ ni. Camellia sinensis lorúkọ igi ọ̀hún. Tí wọ́n bá já ewé ẹ̀, tí wọ́n lọ́ ọ, tí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn ṣiṣẹ́ sí i lára, ó máa pọ́n, ó máa dúdú, tíì tá a mọ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá tètè fi iná kàn án, àwọn ará Jàpáánì máa ń fi ooru omi sè é, àwọn ará Ṣáínà máa ń yan án nínú agbada, àwọ̀ ewé ẹ̀ á dúró bẹ́ẹ̀, àwọn nǹkan tí wọ́n ń pè ní catechin náà á dúró sínú ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni EGCG, òun ni gbogbo ariwo yìí dá lé lórí.

Mo ti mu ún fún ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀ nígbà tí oníbàárà mi kan wá yan aṣọ ẹbí, òun àti ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ apoògùn. Ọmọ yẹn rí ike kápúsù lórí tábìlì mi, ó gbé e, ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì.

"Mà, ẹ má bínú o, ta ló ní kẹ́ ẹ máa lo eléyìí?"

Mo ní ẹnì kan ni.

"Mílígírámù mélòó ló wà nínú ọ̀kan?"

Èmi náà gba ike, mo wá a. Ewé ni wọ́n ya sí i, òkè Fuji ti Jàpáánì ni wọ́n ya sí i, kò sí mílígírámù. Nọ́ńbà NAFDAC ńkọ́? Kò sí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu, torí ìyá ẹ̀ ń wò mí, èmi tí mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ etí lace wò dáadáa kí wọ́n tó sanwó.

Ọmọ yẹn jókòó, ó ṣàlàyé fún mi, mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ó ní álájì yìí, ara wa ló ń ṣèèṣì. Ẹ wò ó bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ọjà tí ẹnì kan lọ fún ní fọ́tò olè, tó wá jẹ́ pé fọ́tò oníbàárà ni. Fọ́tò yẹn ni wọ́n ń pè ní IgE. Ẹ̀ṣọ́ yẹn ni sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ mast cell, inú imú àti inú ọ̀nà èémí ni wọ́n pọ̀ sí. Eruku dé jẹ́ẹ́jẹ́ ẹ̀, tàbí kòkòrò inú eruku tí ojú ò lè rí, ẹ̀ṣọ́ wo fọ́tò, ó ní olè dé, ó fọn fèrè. Fèrè yẹn ni histamine. Gbogbo ọjà á dàrú, imú á ṣàn, ojú á yún. Tó bá wá jẹ́ inú àyà, àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn tí wọ́n ń pè ní eosinophil á tún sáré wá láti ibòmíràn, wọn ò sì ní tètè lọ, ibẹ̀ á wú, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún un, ẹran ara tó yí ọ̀nà èémí ká á fún. Wíwú tí kì í tètè lọ yìí ni ásímà gan-an o, kì í ṣe háháhá tá a máa ń gbọ́ nìkan.

Ṣé gíríìn tíì wá lè ṣe nǹkan kan sí i? Ó ní òótọ́ wà níbẹ̀, àwọn tó ń tà á ló bù mọ́ ọn. Nínú àwo ìwádìí, tí wọ́n bá da EGCG sí àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn lára, fèrè tí wọ́n ń fọn máa ń dínkù. Wọ́n tún ṣe é fún eku, wọ́n á fi èròjà inú ẹyin funfun sọ ara eku di alálájì, wọ́n á wá jẹ́ kó fà á sínú, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ á wú, àwọn tó gba EGCG nínú wọn, eosinophil inú àyà wọn máa ń kéré sí ti àwọn tí kò gbà á. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú àwo, ààrin sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n da EGCG sí tààrà. Èyí tá a bá mu, inú ìfun ni púpọ̀ ẹ̀ ń parí sí, tíńtín ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Eku náà kì í sì í ṣe màmá tó ń ta ankara.

Èyí tí wọ́n ti gbìyànjú lára èèyàn dáadáa, Jàpáánì ni. Wọ́n ní igi kan tí wọ́n ń pè ní sugi, wọ́n gbìn ín káàkiri orí òkè lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tó bá ti di February sí April lẹ́búlẹ́bú òdòdó ẹ̀ á máa fẹ́ kiri bí ọyẹ́ tiwa, àìmọye èèyàn á máa sín. Wọ́n wá ní irú igi tíì kan tó ń jẹ́ Benifuuki, ibùdó ìwádìí ní Makurazaki, lágbègbè Kagoshima, ni wọ́n ti mú un jáde, tíì dúdú ni wọ́n tiẹ̀ fẹ́ máa fi ṣe tẹ́lẹ̀. EGCG inú tiẹ̀ ní oríṣi kan tó yàtọ̀ díẹ̀, methylated ni wọ́n ń pè é, ó sì jọ pé irú ìyẹn máa ń wọ ẹ̀jẹ̀ ju ti gbogbo ayé lọ. Ẹ wá wo eré: tí wọ́n bá fi ewé Benifuuki ṣe tíì dúdú, nǹkan yẹn á pòórá, àfi tí wọ́n bá fi ṣe gíríìn tíì. Àwọn tó mu ún, nǹkan bí 34 mílígírámù methylated yẹn lójúmọ́, ara wọn yá díẹ̀ sí i ju ti àwọn tó mu èyí tí kò ní in lọ, pàápàá tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún kí àsìkò sugi tó dé. Tí mo bá ní díẹ̀ sí i, díẹ̀ náà ni, ìyẹn ò sọ pé wọ́n ò sín mọ́.

Àmọ́ ibi tó dùn mí ni mò ń bọ̀ yìí. Ṣé ẹ mọ tíì tí wọ́n fún àwọn yòókù mu kí wọ́n lè fi wé Benifuuki? Gíríìn tíì ni! Yabukita, èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Jàpáánì. Ìyẹn ni pé gíríìn tíì lásán ni wọ́n kà sí èyí tí kò ní oògùn nínú. Mo bi ọmọ náà léèrè pé èyí tí mo rà ńkọ́, ó tún páálí wò, kò sí ibi tí wọ́n ti kọ Benifuuki sí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo wá sọ fún un pé lọ́jọ́ tí mo ṣí i, ẹ̀ẹ̀meje ni mo sín. Ojú ẹ̀ yí padà. Ó ní "Mà, ẹ má ki imú bọ̀ ọ́ mọ́." Ó ní lọ́dún 1994 àwọn dókítà Jàpáánì kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Chest nípa àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ gíríìn tíì, tí wọ́n ń fa lẹ́búlẹ́bú ewé ọ̀hún símú lójoojúmọ́ tí ásímà fi mú wọn, ìgbà tí wọ́n yẹ ohun tó ń bá wọn jà wò, EGCG náà ni! Èyí tí wọ́n ní ó ń lé ásímà ló fún wọn ní ásímà. Inú ikùn ló gbà á, ọ̀nà èémí ò gbà á. Mi ò sọ pé EGCG ló mú mi sín o, eruku yòówù ni imú mi ń bá jà, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bá mi tajà kò jẹ́ kí n sinmi láti ọjọ́ náà, "mo sọ bẹ́ẹ̀, mo sọ bẹ́ẹ̀" ló ń kọ lórin.

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ohun kan, torí ẹnì kan lè fẹ́ ṣe irú ẹ̀. Ṣé ẹ rántí pé obìnrin yẹn ní mo á gbàgbé inhaler ọmọ? Nígbà tí mo ti fún ọmọ ní tíì náà fún ọjọ́ mẹ́ta, mo dá èyí tó ń fà láàárọ̀ àti lálẹ́ dúró, mo ní ká wo bó ṣe máa rí. Ọjọ́ mẹ́rin ni. Lóru ọjọ́ karùn-ún mo gbọ́ ọ nínú yàrá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, èjìká ń lọ sókè sódò, àyà ń súfèé. Búlúù yẹn ló yọ wá, a sì dé ọsibítù kílẹ̀ tó mọ́. Dókítà tó bá wa sọ̀rọ̀ kò pariwo mọ́ mi, ì bá tiẹ̀ ti pariwo. Ó ní búlúù ń tú ẹran ara tó fún ká ni, èkejì tí mo dá dúró yẹn ló ń mú wíwú yẹn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kì í sì í ṣe ọjọ́ tí èèyàn bá dá a dúró náà ló ń hàn, ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá fi máa ń rò pé àwọn ti mú un jẹ. Ọmọ ti padà sórí ẹ̀. Ara ẹ̀ ti yá. Tíì, mi ò fún un mọ́, kàféènì inú ẹ̀ ò tiẹ̀ yẹ ọmọ lálẹ́.

Mo ti gbọ́ pé àwọn kan máa ń sọ pé tíì ń ṣí àyà. Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Lọ́dún 1888 ni ọ̀gbẹ́ni ará Jámánì kan, Albrecht Kossel, rí nǹkan kan nínú ewé tíì tí wọ́n sọ lórúkọ ní theophylline, òun ni wọ́n padà sọ di oògùn ásímà, àminófílìn táwọn àgbà máa ń sọ pé wọ́n gún àwọn lábẹ́rẹ́ nígbà kan, ọmọ ìyá ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú kóòpù kan ò ju bíńtín lọ. Kàféènì náà máa ń ṣí ọ̀nà èémí díẹ̀ fún wákàtí bíi mẹ́rin, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ fún èèyàn pé kó má mu kọfí tàbí tíì kó tó lọ fẹ́ atẹ́gùn sẹ́nu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ àyà wò. Kò lè rọ́pò inhaler.

Ní ti kápúsù, mi ò lo ju mẹ́fà lọ. Ọmọ apoògùn yẹn ní kóòpù gíríìn tíì kan máa ń ní EGCG bí 50 sí 100 mílígírámù, kò sí wàhálà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú kápúsù wọ́n lè dì í jọ kó pọ̀ gan-an, àti pé EFSA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Yúróòpù, ti sọ lọ́dún 2018 pé tó bá ti tó 800 lójúmọ́ nínú kápúsù, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn máa ń fi hàn pé ẹ̀dọ̀ ń ṣòjòjò. Tèmi wá jẹ́ pé wọn ò kọ iye tó wà nínú ẹ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí mo dé? 18,000 náírà. Mo pe obìnrin náà kó wá gbé kápúsù ẹ̀ kó dá owó mi padà, mo tún sọ fún un pé mò ń sín tí mo bá ṣí tíì ẹ̀, ó ní ìdọ̀tí ara ló ń jáde, pé kí n túbọ̀ máa mu ún sí i. Ìgbà tí mo sọ ti ọmọ mi, ó blọ́ọ̀kì mi.

Ṣé ara mi wá yá? Ẹ ó rí i pé sísín mi dínkù gan-an lẹ́yìn oṣù méjì. Mi ò lè fún tíì ní ògo yẹn. Ní àárín oṣù méjì náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tí wọ́n ń fín símú tí dókítà kọ fún mi, mò ń bo imú tí a bá ń tú béèlì, òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, ọyẹ́ ti lọ. Èwo nínú wọn ló ṣe é? Tíì náà lè wà nínú wọn, ṣùgbọ́n tí mo bá ní kí n pín owó iṣẹ́ fún wọn, tíì ló máa gba ṣéńjì.

Mo ṣì ń mu gíríìn tíì ṣá, mo ti fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tí mò ń rà báyìí ni Highland, ti Mambilla, ní Ìpínlẹ̀ Tàràbà, ibi òkè tó tutù bíi pé kì í ṣe Nàìjíríà. Ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà, àwọn ará Ìbàdàn tó ń ra tíì òyìnbó lówó iyebíye ò mọ̀ pé CRIN, ilé iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́ níbí, tí gbogbo wa mọ̀ sí ti kòkó, iṣẹ́ tíì wà lára iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní ibùdó lórí òkè Mambilla yẹn. Ti Mambilla yìí mọ́ nínú kóòpù, kò fi bẹ́ẹ̀ korò, kò sí báàgì tó ya nínú páálí méjì tí mo ti rà, kò sì kọ ọ́ sára pé òun ń wo jẹ̀díjẹ̀dí. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹyọ kan tó kù yẹn nítorí pé mi ò kì í tètè rí i rà. Tíì status WhatsApp, méjì, ìyẹn náà àánú ni. Kápúsù, òdo.

Ẹ má fi mílíìkì sí i, èròjà inú mílíìkì máa ń di catechin yẹn mú. Ẹ má sì fi gbé oúnjẹ mì, pàápàá aboyún tàbí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ò tó, kì í jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ dáadáa, èmi máa ń mu tèmi ní bí aago mẹ́rin, tí ọjà bá ti rọlẹ̀. Àwọn tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ bi apoògùn yín léèrè kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di ojoojúmọ́.

Ọmọ tó ń bá mi tajà ló ń ṣí páálí tíì báyìí. Òun kì í sín. Èmi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó di ìgbà tó bá ki báàgì sínú omi tán kí n tó wọlé.